Ilé tá a fẹ́ rà ní Lokogoma: kí ni ká yẹ̀wò ká tó sanwó?

Adùnní Abuja:
Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi àti ọkọ mi ti rí ilé kan tá a fẹ́ rà ní apá Lokogoma. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníyàrá mẹ́ta ni, ó wà nínú ẹ́sítéètì tó ní géètì. Ẹni tó ni ín ti gbé inú rẹ̀ fún ọdún bíi mẹ́jọ kó tó kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Canada. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún lọ́dàá látòkè délẹ̀, ó ń dán, ó wu ojú. Ẹ́jẹ́ǹtì ní ẹlòmíì ti ń mú owó bọ̀, pé ká yára. Oṣù Kejì la wà yìí, òjò ò tíì rọ̀, gbogbo ibi gbẹ táútáú. Owó tá a fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ ni, a sì tún yá lára rẹ̀ ní báńkì, kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Àléébù wo ló máa ń wà lára ilé Abuja tí ojú lásán kì í rí? Ta la máa mú dání lọ yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹni tó bá ti ra ilé rí àti ẹni tó ń kọ́lé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ìyá Ìbejì Karu:
Àbúrò mi, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó. Ohun kan ni mo ní sọ: ẹ má rà á títí òjò á fi rọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn máa ń bo ilé láṣìírí. Ilé kan ládùúgbò wa níbí, oṣù Kìíní ni wọ́n rà á. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje, omi ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, àjà POP pálọ̀ sì ti wú, ó já lulẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àwọn ọmọ ò sí níbẹ̀. Lokogoma tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn gan-an, omi òjò ti gbé mọ́tò lọ níbẹ̀ rí. Ẹ ò sì gbàgbé ẹ́sítéètì ńlá kan ní Lugbe tí omi ya wọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2021, ẹ̀mí bá a lọ, tó tún yà wọ̀ ọ́ ní 2023. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì tí ẹ́jẹ́ǹtì ń sọ yẹn máa rà á lọ.

Ẹnjiníà Gwarinpa:
Ẹ̀gbọ́n wa Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, mi ò gbà pé kí wọ́n dúró di oṣù Keje. Ẹni tó ń ta ilé ò ní dúró dè wọ́n, òjò ọdún kan sì lè má tó ti ọdún tó tẹ̀ lé e. Omi tó bá ti wọ ilé rí máa ń fi àmì sílẹ̀. Ibi tí àwọn ọlọ́dàá ò dé ni kẹ́ ẹ máa wò.

Àǹtí Adùnní, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìta. Ẹ lọ sẹ́yìn fẹ́ǹsì, torí ẹni tó fẹ́ ta ilé kì í sábà kun ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ilà ẹrẹ̀ pupa tó gùn gbọọrọ, tó dọ́gba bí ìgbà tí wọ́n fi rúlà fà á, ibẹ̀ ni omi dúró sí. Ẹ wo ìdí òpó iná, ẹ wo ara yàrá máígàdì, ẹ wò ó bóyá ọ̀rá àti koríko gbígbẹ há sára wáyà fẹ́ǹsì níbi tí atẹ́gùn ò lè gbé e dé. Lẹ́yìn náà, ẹ fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé gọ́tà ẹ́sítéètì títí dé ibi tó ń da omi sí. Gọ́tà tó bá kàn parí sídìí ògiri ẹnì kan, tàbí tó jáde sínú odò kékeré tí wọ́n ti kọ́lé dí, á dá omi rẹ̀ padà síbi tó ti wá. Ẹ bi máígàdì, ẹ bi ìyá tó ń ta àkàrà lẹ́nu géètì. Àwọn yẹn ò ní ilé tí wọ́n fẹ́ tà fún yín.

Tẹ́ ẹ bá wọnú ilé, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì, ẹ ṣí wọ́dúróòbù kí ẹ sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ nílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ihò tí wọ́n ń gbà gun òkè àjà, kí ẹni tó mọ ilé gùn ún pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Àwọn ilé ìgbàlódé wa ní Abuja yìí, wọ́n máa ń fi ògiri bo òrùlé yípo kó lè dà bí ilé tí kò ní páànù. Ẹ̀yìn ògiri yẹn ni gọ́tà kọnkéré wà, ibẹ̀ ló sì sábà ń jò jù. Ewé àti eruku ọyẹ́ á dí ojú páìpù rẹ̀. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, omi á kún un, á wá ọ̀nà gba inú ilé. Igi òrùlé tí omi ti ń kán sí máa ń dúdú lójú kan, orí ìṣó ibẹ̀ á sì ti dípẹtà. Bí wọ́n bá kun POP nísàlẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún, igi yẹn ò lè purọ́.

Bírikìlà Kubwa:
Ẹnjiníà ti sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ògiri kún un. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ògiri tó sán dẹ́rù bà yín. Kò sí ilé tí ò ní sán díẹ̀. Sìmẹ́ńtì ìrẹ́lé máa ń fà bó ṣe ń gbẹ, pàápàá tí wọ́n bá rẹ́ ẹ nígbà ọyẹ́ tí wọn ò sì bu omi sí i dáadáa. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ dán wò ni agbára ìrẹ́lé náà. Ẹ wá kọ́kọ́rọ́, ẹ lọ síbi tó fara sin lẹ́yìn ilé, kẹ́ ẹ fi ha ògiri. Tó bá ń dà bí iyanrìn, tí ihò sì ń jìn wọlé, wọ́n ti jí sìmẹ́ńtì níbẹ̀. Ẹ fi ìka ọwọ́ gbá àwọn táìlì ilẹ̀ náà, yàrá kan sí èkejì. Èyí tó bá ń dún kókó bí ohun tó ṣófo lábẹ́, kò ní pẹ́ ṣí.

Ẹnjiníà Gwarinpa:
Ọ̀gá Bírikìlà, òótọ́ lẹ sọ nípa ìrẹ́lé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ya ìkan sọ́tọ̀ kúrò lára ìkejì, kí àǹtí yìí má lọ gbọ́ pé gbogbo ògiri tó sán ló dáa. Èyí tó tín-ínrín, tó tàn káàkiri ojú ìrẹ́lé, tí kò kọjá sí òdì kejì, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé tàbí igun ilẹ̀kùn, tó gba ẹ̀gbẹ́ gòkè, tó fẹ̀ lápá kan ju èkejì lọ, tẹ́ ẹ sì rí i nínú ilé tẹ́ ẹ tún rí i níta, ìpìlẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bákan náà ni èyí tó ń gba àárín búlọ́ọ̀kù gòkè ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn. Bí ilẹ̀kùn ibẹ̀ bá tún ń ha ilẹ̀ tàbí tí fèrèsé ò padé mọ́, kò sí iyè méjì mọ́.

Èyí tó sì lágbára jù ni ti òpó àti ti bíìmù. Ìlà tó bá là lọ gbọọrọ ní gígùn òpó, tí omi dípẹtà pupa ń sun jáde lára rẹ̀, irin inú rẹ̀ ló ń jẹrà, ó ń wú, ó sì ń ti kọnkéré dànù. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ òpó ṣeré ní Abuja yìí. Gbogbo wa la rí ilé tó wó ní Garki Village ní oṣù Kẹjọ 2023. Tí àmì yìí bá wà, ẹ gba ẹnjiníà tó ní òǹtẹ̀ COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kó gbé òòlù tí wọ́n fi ń dán kọnkéré wò dání. Owó tẹ́ ẹ máa fún un ò tó nǹkan lára owó ilé.

Torí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilé yìí, wọ́n lè ti fi fílà, ohun tí àwọn ọlọ́dàá fi ń dí ojú ògiri, dí gbogbo ibi tó sán. Ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ pa iná, kẹ́ ẹ fi tọ́ọ̀ṣì lé ara ògiri pẹlẹbẹ, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ra ojú ògiri lọ. Ibi tí wọ́n dí á yọ sókè tàbí kó jìn, òjìji rẹ̀ á hàn.

Àlàbí Gombe:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó ń ka èyí láti Gombe, Borno tàbí Adamawa má tẹ̀ lé ìmọ̀ràn pé kéèyàn dúró di ìgbà òjò. Ọ̀pọ̀ ibi lọ́dọ̀ wa níbí, ilẹ̀ dúdú alámọ̀ ni. Tí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ náà á mu omi, á wú, á gbé ilé sókè díẹ̀, ibi tó sán á sì padé. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á súnkì, ilẹ̀ á la ẹnu tó jẹ́ pé ọwọ́ èèyàn á wọ ibẹ̀, ògiri á sì ṣí. Nítorí náà, oṣù Kẹta sí Kẹrin ni àléébù ilé máa ń hàn jù lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá lọ wò ó ní oṣù Kẹjọ, á rí ògiri tó dán, á sì san owó rẹ̀. Ẹ béèrè irú ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe. Ìpìlẹ̀ tóóró tí wọ́n gbẹ́ sókè-sókè kì í dúró lórí ilẹ̀ dúdú.

Ìyá Ìbejì Karu:
Àlàbí, mo gbọ́ tiyín, ṣùgbọ́n Abuja làwa ń sọ. Ilẹ̀ pupa àti àpáta ló pọ̀ níbí.

Púlọ́ńbà Nyanya:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti omi inú ilé, ibẹ̀ ni owó pọ̀ sí jù. Mo gbà pẹ̀lú Àlàbí ní ọ̀nà mìíràn: ẹ̀ẹ̀rùn yìí gan-an ló yẹ kéèyàn wo kàǹga ẹ̀rọ. Orí àpáta ni Abuja wà, inú ibi tí àpáta ti sán nísàlẹ̀ la ti ń rí omi. Kàǹga ẹ̀rọ tó ń tú omi yàà ní oṣù Kẹsàn-án lè gbẹ pátápátá ní oṣù Kẹta. Ẹ ní kí wọ́n tan pọ́ọ̀ǹpù, kó ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí kan níṣojú yín. Tí omi bá ń já, tó ń tú atẹ́gùn, tàbí tó di ẹrẹ̀, ẹ ti rí ìdáhùn. Tẹ́ ẹ bá sì rí àwọn mẹ́rùwà tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi wọ ẹ́sítéètì náà láàárọ̀, ẹ bi wọ́n pé ilé wo ni wọ́n ń gbé e lọ. Wọn ò ní fi pamọ́ fún yín.

Ẹ wọn àárín kàǹga ẹ̀rọ àti sókàwéè, ìyẹn kòtò tí omi ìdọ̀tí ilé ń gbà fà wọlẹ̀. Ọgbọ̀n mítà la máa ń fẹ́ kó wà láàárín wọn. Nínú ẹ́sítéètì tí ilẹ̀ há, ẹ lè rí i pé sókàwéè aládùúgbò sún mọ́ kàǹga yín ju tiyín lọ, nítorí náà ẹ yọjú wo òdì kejì fẹ́ǹsì.

Ẹ ṣí ọmọrí sókàwéè wò. Tó bá kún nísinsìnyí tí òjò ò rọ̀, kí ló máa ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹjọ? Ibi tí àpáta sún mọ́ òkè, omi kì í ráyè fà wọlẹ̀, wọ́n á máa pe ọkọ̀ agbẹ́gbin léraléra.

Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fọn omi sí gbogbo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Tí ibi ìwẹ̀ jíjókòó bá wà, ẹ pọn omi kún un, ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀, kẹ́ ẹ wá tú u lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnì kan dúró nísàlẹ̀ kó máa wo àjà. Omi díẹ̀ tí ẹ́jẹ́ǹtì fi ń ṣàn fún yín kì í fi ibi tó ń jò hàn.

Ohun kan tún nìyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Òjò Abuja sábà máa ń dáwọ́ dúró ní oṣù Kẹwàá. Ògiri tó bá ṣì rin ní oṣù Kejì, ó ṣòro kó jẹ́ òjò ló fà á. Ó sábà máa ń jẹ́ páìpù tó ń jò nínú ògiri, tàbí sókàwéè tó sún mọ́ ilé.

Wáyà Lugbe:
Ti iná ò gùn. Ẹ tan gbogbo ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ omi gbígbóná lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí, kẹ́ ẹ wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ojú bókísì tí fíúsì wà. Èyí tó bá gbóná, tàbí tó ti pọ́n nídìí, wáyà rẹ̀ ti kéré jù. Wáyà mílímítà 2.5 la ń fà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán. Ti ẹ̀rọ amúlétutù, 4 ló dáa. Ẹ bá mi wo ilẹ̀ bóyá irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún ààbò wà, torí ọ̀pọ̀ ilé ni ò ní. Ẹ gba nọ́ńbà mítà, kẹ́ ẹ lọ béèrè bóyá gbèsè wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ra ilé ni wọ́n máa ń wá bá.

Bàbá Kaduna:
Ẹ má gbàgbé ikán o. Níbí, ikán lè jẹ férémù ilẹ̀kùn tán kó ku ọ̀dá nìkan. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ gún ìsàlẹ̀ férémù kọ̀ọ̀kan, ẹ sì wo ẹ̀yìn wọ́dúróòbù bóyá ẹrẹ̀ tóóró gòkè lára ògiri.

Èkejì, tí ẹnikẹ́ni bá fi ilé àtijọ́ lọ̀ yín, irú èyí tí ìjọba àpapọ̀ tà fún òṣìṣẹ́ láti 2005 ní Garki àti Wuse, ẹ wo orí rẹ̀. Páànù asbestos ló wà lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Ẹ má bá wọn dúnàádúrà rárá.

Ẹnjiníà Gwarinpa:
Bàbá, ẹ ṣeun. Òótọ́ ni pé ó ń fa jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ téèyàn fà símú ló ń pani. Páànù asbestos tó bá pé, tí kò fọ́, tí ẹnikẹ́ni ò gé tàbí lu, kì í ṣe ewu kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n fi òòlù fọ́ tàbí tí wọ́n fi ayùn gé. Ilé tó ní ìpìlẹ̀ tó dáa ló pọ̀ nínú àwọn ilé yẹn. Kí ẹni tó fẹ́ rà á ka owó páànù tuntun àti owó ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń rin ín lómi kí wọ́n tó yọ ọ́ mọ́ owó ilé, kó sì dúnàádúrà lórí ìyẹn. Kó má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ lébìrà kan fọ́ ọ wálẹ̀ ní gbígbẹ.

Lọ́ọ́yà Wuse:
Mo ti ń ka gbogbo yín bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ yẹ ìwé wò kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí ẹnjiníà. Ilé tí ògiri rẹ̀ sán ṣeé tún ṣe, èyí tí ìjọba máa wó ò ṣeé tún ṣe. Ọwọ́ Mínísítà FCT ni àṣẹ ilẹ̀ Abuja wà, AGIS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Abuja, sì ni kí lọ́ọ́yà yín ti lọ yẹ fáìlì wò. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́sítéètì, orúkọ ẹni tó kọ́ ẹ́sítéètì ló wà lórí ìwé gbogbo ilẹ̀ náà, lẹ́tà lásán ló wà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí ẹni tó ń tà á ní lọ́wọ́ gan-an. Ẹ wo ara fẹ́ǹsì àti ẹnu géètì bóyá wọ́n ti fi ọ̀dá pupa kọ nǹkan sí i tí wọ́n sì ti kun ún bò. Tẹ́ ẹ bá rí i pé wọ́n fi yàrá kan tàbí bọ́ìsì kọ́tà kún ilé lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ọ tán, ẹ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀. Ilé tó sún mọ́ odò tàbí tó wà lábẹ́ wáyà iná ńlá, ẹ má rà á, bó ti wù kí ìwé rẹ̀ pé tó.

Adùnní Abuja:
Ẹ̀yin ará ilé, Ọlọ́run á san án fún yín. A mú ẹnjiníà kan dání, a lọ ní ìrọ̀lẹ́. Lọ́ọ́yà wa ti wà lẹ́nu ìwé ní tirẹ̀. Kàǹga ẹ̀rọ dáa, ó ṣiṣẹ́, omi ò já. Iná dáa, àfi sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ní kíṣíìnì. Nígbà tá a tú omi ibi ìwẹ̀ lókè, omi kán sílẹ̀ ní igun pálọ̀. Ní kíṣíìnì, ògiri kan ní iyọ̀ funfun tó ń bó nídìí, ó rin. Ẹ̀yìn fẹ́ǹsì ní ilà ẹrẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó orúnkún. Máígàdì ní ojú títì lomi ń gbà, kò wọ kọ́ńpáǹdì. Ẹ́jẹ́ǹtì kọ̀ láti jẹ́ ká ṣí òkè àjà, ó ní ọ̀dá tuntun á bàjẹ́. Ọkọ mi ní ká dúnàádúrà, èmi ò mọ̀.

Ìyá Ìbejì Karu:
Ẹ fi sílẹ̀.

Bírikìlà Kubwa:
Ṣé nítorí páìpù kan? Ibi ìwẹ̀ yẹn, wọ́n á ṣí táìlì, wọ́n á pààrọ̀ páìpù, wọ́n á tún un dí. Ògiri kíṣíìnì náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ páìpù síǹkì. Ẹ jẹ́ kí púlọ́ńbà àti bírikìlà kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ yọ ọ́ nínú owó ilé. Mo ti rí ilé tó burú ju èyí lọ tí wọ́n tún ṣe tó dáa.

Ẹnjiníà Gwarinpa:
Mo gbà pẹ̀lú Bírikìlà lórí àwọn méjèèjì yẹn. Ilà ẹ̀yìn fẹ́ǹsì ló dà mí láàmú. Ẹ wọn bí ilẹ̀ inú pálọ̀ ṣe ga tó ju ilà yẹn lọ. Ẹnjiníà yín lè fi rọ́bà tóóró tó kún fómi wọ̀n ọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Tí ilẹ̀ pálọ̀ bá ga jù ú dáadáa, ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀ láti sọ. Tí kò bá ga jù ú, mo fara mọ́ Ìyá Ìbejì, ẹ máa lọ. Kẹ́ ẹ sì bi àwọn ará ilé tó kọjú sí tiyín, ẹ má fi ọ̀rọ̀ máígàdì nìkan ṣe ẹ̀rí.

Lọ́ọ́yà Wuse:
Ẹni tó kọ̀ kẹ́ ẹ wo òkè àjà ò tíì ṣe tán láti tà á. Ẹ má san owó ìdúró kankan títí ẹ fi máa wò ó. Tẹ́ ẹ bá máa san nǹkan kan, kó wà lákọsílẹ̀ pé wọ́n á dá gbogbo rẹ̀ padà tí àyẹ̀wò tàbí ìwé ò bá dáa, kí ẹni tó nilé sì buwọ́ lù ú. Ẹ́jẹ́ǹtì nìkan ò tó. Canada tó wà ò dí i lọ́wọ́.

Adùnní Abuja:
A ti bá onílé sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní ká mú káfíńtà tiwa wá lọ́jọ́ Sátidé, kó ṣí i, pé òun á san owó ọ̀dá tó bá bàjẹ́. Ẹnjiníà náà á wọn ilẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Púlọ́ńbà Nyanya:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí káfíńtà yín tó gun òkè àjà, kó kọ́kọ́ ṣí àjà igun pálọ̀ tí omi ti kán, kó fọwọ́ tẹ igi tó gbé e dúró. Tó bá rọ̀, ó ti pẹ́ tó ti ń jò, iye tí Bírikìlà sọ ò sì ní tó. Tó bá wá gun òkè, kó wo ìdí gọ́tà kọnkéré lẹ́yìn ògiri òrùlé, kó ka iye ojú páìpù tó ń gba omi jáde níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo òrùlé, ẹ fi owó èkejì kún ohun tẹ́ ẹ máa yọ.